Orúkọ Tí Adépéjú Ń Mí

Àwọn àgbà ní sùúrù ni baba ìwà. Adépéjú kò bá wọn jiyàn. Ohun tí kò yé e ni ìdí tí wọn kì í fi í dárúkọ ìyá. Ní èrò tirẹ̀, bí sùúrù bá jẹ́ baba, ẹ̀san ni ìyá, ilé kan náà ni tọkọtaya náà sì ń gbé.

Ẹni tó bá fẹ́ rí wọn pa pọ̀, kó lọ sí fúláàtì oníyàrá mẹ́ta kan ní Ijapo Estate, l'Àkúrẹ́, ní aago márùn-ún ìdájí. Yóò bá obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì kan lórí ẹní, tó ká ẹsẹ̀ kò, tó di ojú, tó pa ẹnu mọ́, tó ń mí sínú, tó ń mí síta, tí ara rẹ̀ tutù bí omi àmù. Yóò sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹni Ọlọ́run nìyí, yóò sì rọra fa ilẹ̀kùn dé. Kó sáà má bi í ní ohun tó ń rò.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni Adépéjú. Alágbàká ló ti ń ṣiṣẹ́ ọba, nínú yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí ní ọ̀kan nínú àwọn iléeṣẹ́ ìjọba tó wà níbẹ̀. Fáìlì kì í sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé tó ti lo ọdún mẹ́wàá nínú eruku, òun nìkan ló lè na ọwọ́ mú un láìtan iná. Ẹ̀bùn náà kò mọ síbi iṣẹ́. Ẹni tó bá ṣẹ̀ ẹ́, fáìlì onítọ̀hún wà lọ́kàn rẹ̀: ọjọ́, aago, aṣọ tí ẹni náà wọ̀, àwọn tó wà níbẹ̀, àti èwo nínú wọn ló rẹ́rìn-ín.

Fáìlì tó nípọn jù níbẹ̀ ni ti Àǹtí Ọlábísí, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé ní Oǹdó. Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé ni Àǹtí kó tó fẹ̀yìntì. Lọ́jọ́ tó fẹ̀yìntì, àwọn olùkọ́ fi agogo kékeré ọlọ́wọ́ idẹ kan ta á lọ́rẹ, bóyá wọ́n rò pé yóò gbé e sínú àpótí gíláàsì. Orí tábìlì pálọ̀ ló gbé e sí. Ó ń fi í pe ẹni tó bá wà ní kíṣìnnì, ó ń fi í pa ọ̀rọ̀ mọ́ àlejò lẹ́nu, nígbà tí awuyewuye bá sì dé ibi tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, á lu agogo, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Àwọn àbúrò rẹ̀, tí gbogbo wọn ti ní ewú lórí, ṣì máa ń dákẹ́ bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ tó wà láàárín òun àti Adépéjú kì í ṣe kékeré. Ní oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, nígbà ìsìnkú Màmá tó bí Àǹtí àti ọkọ Adépéjú, Adépéjú wà lẹ́yìnkùlé ní Oǹdó, ó ń bu ọbẹ̀ fún àwọn àlejò. Òótọ́ ni pé òun àti Màmá ti ṣe gbólóhùn asọ̀ lórí fóònù lọ́sẹ̀ tí màmá náà kú, lórí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan. Òótọ́ ni pẹ̀lú pé ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún ni Màmá, ọkàn wọn sì ti ń yọnu tipẹ́. Àǹtí Ọlábísí dé, ó gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo obìnrin ilé.

"Ẹni tó fi ẹnu rán Màmá lọ sọ́run," ó ní, "kò ní bu ọbẹ̀ fún àwọn tó wá sin wọ́n."

Adépéjú fi ẹsẹ̀ ti ìkòkò. Ọbẹ̀ ẹran tí ogójì ènìyàn ì bá fi jẹun dojú dé, ó sì ṣàn lọ sábẹ́ àga àwọn akọrin ìjọ, tí wọ́n gbé ẹsẹ̀ sókè, tí wọ́n sì ń kọrin lọ. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ìyàwó Adọbẹ̀nù nílé ọkọ rẹ̀. Kò sí ẹni tó rántí ohun tí Àǹtí sọ mọ́. Ọ̀rọ̀ a máa fò lọ, àmọ́ epo kì í kúrò lára aṣọ akọrin bọ̀rọ̀.

Ó bínú padà sí Àkúrẹ́, ìbínú náà sì bá a wọlé bí ẹrù. Ẹni tó yẹ kó pariwo mọ́ wà ní Oǹdó, àwọn tó wà nítòsí ló ń gbọ́ ọ. Ọkọ rẹ̀, Oríọlá, jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó ní gbólóhùn kan ṣoṣo fún gbogbo ìṣòro ayé: "A ó rí i." Bí wọ́n bá ní iná ń jó ilé, "A ó rí i." Ariwo kì í ràn án. Ọmọ wọn, Títílọpẹ́, ẹni ọdún mẹ́wàá, ni ariwo náà ràn. Ó di pé bí ìdérí ìkòkò bá já bọ́ ní kíṣìnnì, ọmọ náà á fi ọwọ́ méjèèjì di etí, á sì fún ojú pọ̀, á máa retí ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn ìró náà. Adépéjú rí i. Ó fi kún fáìlì Ọlábísí, nítorí kò ní fáìlì kankan tó ní orúkọ tirẹ̀ lẹ́yìn.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, Àǹtí pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù. Títílọpẹ́ máa tó jáde nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Oǹdó, kó ti ibẹ̀ lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì. Ọmọ kò gbọdọ̀ dàgbà lábẹ́ obìnrin tó ń da ọbẹ̀ nù. Nígbà tí ẹbí bá péjọ fún ìrántí ọdún kan Màmá, wọn yóò fi ẹnu ọ̀rọ̀ náà jóná níwájú Bàbá Adéyẹmí, tí í ṣe àbúrò bàbá wọn àti olórí ẹbí. Oríọlá fi fóònù sílẹ̀, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó bi í ní ohun tó fi dá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóhùn.

"Mo ní a ó rí i."

Lọ́jọ́ kejì, orí fọ́ Adépéjú débi pé wọ́n fà á lọ́wọ́ lọ sí kíliníìkì àwọn òṣìṣẹ́ l'Alágbàká. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ń jẹ́ Hameedat, ọmọ Ìkàrẹ́, obìnrin tó ti lo ọdún mẹ́rìnlá ní wọ́ọ̀dù àwọn tí ọkàn wọn dàrú kí wọ́n tó gbé e wá síbí, nítorí náà kò sí ohun tí ènìyàn lè sọ fún un tí yóò mú un ya ẹnu. Ó wé aṣọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mọ́ Adépéjú lápá, ó wo nọ́ńbà tó gbé jáde, ó tún un wò.

"Ìyá Títí," ó ní, "ta lẹ fẹ́ pa?"

"Kò sẹ́nì kankan, Nọ́ọ̀sì."

"Ẹ̀jẹ̀ yín kò sọ bẹ́ẹ̀."

Ó fún un ní oògùn, ó sì fi ìjókòó kún un. Ìjókòó náà kò ní ẹ̀sìn, ó ṣàlàyé, ìyàwó pásítọ̀ àti ìyàwó ààfáà ló ń wá sí àgbàlá òun láàárọ̀ Sátidé, tọkọ tọmọ. Ènìyàn yóò jókòó, yóò pa ẹnu mọ́, yóò máa ṣọ́ èémí rẹ̀ bó ṣe ń wọlé tó ń jáde. Bí inú bá fẹ́ bí i, kó má lé e, kó má sì bá a ṣeré. Àlejò ni ìbínú. Kó kí i káàbọ̀, ṣùgbọ́n kó má gbé àga fún un.

"Bó bá fúnra rẹ̀ jókòó ńkọ́?"

"Ẹ má gbé oúnjẹ fún un. Àlejò tí kò rí jẹ kì í pẹ́."

Adépéjú rò ó dáadáa lójú ọ̀nà ilé. Kì í ṣe àlàáfíà ló rí níbẹ̀. Ó rí ohun ìjà. Ó mọ̀ pé lọ́jọ́ ìpàdé, Àǹtí yóò tọ́ ọ níjà títí yóò fi bú gbàmù lójú ẹbí, bíbúgbàmù náà ni yóò sì jẹ́ ẹ̀rí tí wọn yóò fi gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá wá jókòó bí òkúta ńkọ́? Bí Ọlábísí bá fi iná kan án tí kò jó? Ó rí ojú obìnrin náà nígbà tí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́fà. Lọ́jọ́ kejì, ó ra ẹní.

Wàhálà tó kọ́kọ́ dé ni ti ọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì ní kó mú ọ̀rọ̀ kan tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kó máa fi ìlàjì rẹ̀ mí sínú, kó fi ìlàjì mí síta, kí ọkàn lè rí ibi dúró. Ó mú "àlàáfíà", kò dúró. Ó mú orúkọ Jésù, ìtìjú bá a, nítorí Jésù ló wà lẹ́nu, ìkòkò tí yóò gbé Ọlábísí sí ló wà lọ́kàn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin ó rẹ̀ ẹ́, ó jọ̀wọ́ ọkàn rẹ̀ pé kó mú èyí tó bá wù ú. Ọkàn kò fi àkókò ṣòfò. Ó mí sínú: Ọlá. Ó mí síta: bísí.

Ó lajú, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnì kan gbọ́. Ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Ọmọ tí wọ́n bí lálẹ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó pàápàá, ẹ̀gbọ́n ìyàwó ni, ìyàwó á wá orúkọ aládùn kan tí yóò máa pè é. Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlá tí Adépéjú ti wọlé ọkọ, "Ẹ̀gbọ́n mi" lórí ìkúnlẹ̀ nìkan ló máa ń sọ. Orúkọ náà gbalaja, láìní àǹtí níwájú, láìní ẹ̀gbọ́n lẹ́yìn, kò kan ahọ́n rẹ̀ rí. Ó dùn bí ẹran tí a jí jẹ nínú ìkòkò ìyá ọkọ. Ó tún ojú dì. Ọlá. Bísí. Ogún ìṣẹ́jú kọjá bí ẹni mú omi.

Bó ṣe di ẹni ẹ̀mí nìyẹn. Láàárín oṣù kan, nọ́ńbà ẹ̀rọ ìfúnpá sọ̀ kalẹ̀, ó ń sùn, kò sì pariwo mọ́. Títílọpẹ́ rí i níbi tó jókòó sí láàárọ̀, ó wá jókòó tì í, ó gbé ọwọ́ lé ikùn bí Nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ àwọn ọmọdé, kó lè máa fi ọwọ́ mọ ìgbà tí èémí wọlé. Kò pẹ́, ìdérí ìkòkò já bọ́, ọwọ́ ọmọ náà gbéra lọ sí etí, ó dé àárín ọ̀nà, ó padà sórí ikùn. Oríọlá náà bá wọn jókòó ní Sátidé kan. Ó di ojú, ó mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì sùn lọ fọnfọn. Nọ́ọ̀sì ní òun kò tíì rí ẹni tó tètè mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí Adépéjú jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ tó ń mí fún Hameedat, ó retí ìbáwí. Obìnrin náà kàn wò ó lọ, ó wò ó bọ̀.

"Ẹ máa pè é lọ," ó ní. "Ìjókòó yìí dà bí oògùn orí fífọ́. Kì í béèrè ohun tí ẹ fẹ́ lọ fi orí náà ṣe bó bá san tán. Ohun tí mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ó lè wò yín sàn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ yín."

Adépéjú ní òun yóò ṣọ́ra.

Nígbà ìsinmi Àjíǹde, Àǹtí ní kí wọ́n gbé ọmọ wá lo ọ̀sẹ̀ kan, kó lè máa mọ́ ọn lára. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, Àǹtí jí, ó bá Títílọpẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó ṣánṣán, ó di ojú, kò sọ̀rọ̀. Ó bi í ní ohun tó ń ṣe. Ọmọ, tí kò mọ irọ́, ní Mọ́mì òun ló kọ́ òun, wọ́n máa ń mú orúkọ kan tí wọ́n ń mí. Àǹtí béèrè orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń mú. Ọmọ ní òun kò gbọ́ ọ rí, nítorí Mọ́mì kì í pariwo, ṣùgbọ́n ètè wọn máa ń mira díẹ̀.

"Orúkọ yín ni, Mọ́mì Oǹdó. Láràárọ̀."

Ẹ jẹ́ ká ṣe ẹ̀tọ́ fún Àǹtí Ọlábísí. Ìjọ tó ń lọ, bí ènìyàn bá fẹ́ bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, àdúgbò kejì gbọ́dọ̀ gbọ́. Ẹni tó ń bú ọ níta gbangba, aládùúgbò lásán ni. Ẹni tó ń jí ní aago márùn-ún, tó di ojú, tó pa ẹnu mọ́, tó ń pe orúkọ rẹ lábẹ́ ètè, kò sí ẹni l'Oǹdó tí kò mọ irú ẹni tí ìyẹn jẹ́. Aago mẹ́fà kò tíì lù tó fi pe àbúrò rẹ̀. Oríọlá gbé fóònù wá bá ìyàwó rẹ̀ lórí ẹní.

"Ẹ̀gbọ́n ń béèrè ohun tí o ń fi orúkọ wọn ṣe."

"Ẹ ní mo ń fi gbàdúrà, Dádì Títí," ni Adépéjú dáhùn, kò sì lajú.

"Irú àdúrà wo?"

"Èyí tí kì í pariwo."

Oríọlá jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn, ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ìròyìn kò dá láti Oǹdó. Àǹtí gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ta òróró sí géètì, wọ́n ta sí ojú fèrèsé, wọ́n ta sí ẹnu agogo. Ó gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò níbi tó wà kí orúkọ tí wọ́n bá rán wá má bàa bá a níbẹ̀. Bó bá ti di aago márùn-ún, ó jí nìyẹn, á dìde jókòó, á máa dúró kó kọjá. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga, ó sì gbà á nímọ̀ràn pé kó máa wá àyè jókòó jẹ́ẹ́ láàárọ̀.

Nígbà tí Adépéjú gbọ́ ti dókítà, ó rẹ́rìn-ín débi pé ó di ògiri mú. Kò tíì ju òkò kan, kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan, ọ̀tá rẹ̀ sì ń jí ní aago kan náà pẹ̀lú rẹ̀ láti wá jìyà. Ó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kún ìjókòó rẹ̀.

Oṣù kẹjọ dé, wọ́n kó sínú ọkọ̀, ó di Oǹdó. Nígbà tí wọ́n kọjá Òwènà, Títílọpẹ́ béèrè láti ẹ̀yìn ọkọ̀ bóyá òun máa bá wọn padà. Bàbá rẹ̀ ní a ó rí i. Adépéjú na ọwọ́ sẹ́yìn, ó di ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ mú, kò sì jù ú sílẹ̀ títí wọ́n fi dé.

Pálọ̀ kún. Àwòrán Màmá wà lórí ògiri nínú gíláàsì ńlá, agogo wà lórí tábìlì nísàlẹ̀ rẹ̀, Bàbá Adéyẹmí sì wà lórí àga onírọ̀rí. Àǹtí ti rù, ojú rẹ̀ pọ́n bí ti ẹni tí kò sùn láti Àjíǹde. Adépéjú kúnlẹ̀ kí i. Àǹtí yí ojú sí fèrèsé, ó fi í sílẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Kò burú. Adépéjú fi ìkúnlẹ̀ náà ṣe ìjókòó ẹlẹ́ẹ̀kejì ọjọ́ náà. Èémí mọ́kànlá ló mí kí Bàbá tó ní kó dìde.

Wọ́n gbàdúrà ìrántí. Nígbà tí òórùn ọbẹ̀ ti kíṣìnnì wọlé, Àǹtí ní kí wọ́n gbé ìkòkò jìnnà sí Ìyàwó Adọbẹ̀nù o, nítorí àwọn akọrin ti ń bọ̀. Gbogbo pálọ̀ rẹ́rìn-ín. Àlejò tí Nọ́ọ̀sì sọ dé àyà Adépéjú, ó gbóná, ó ń wá ibi jókòó. Adépéjú kí i káàbọ̀. Lẹ́yìn náà ó bá wọn rẹ́rìn-ín, ó tilẹ̀ pẹ́ jù wọ́n lọ díẹ̀. Ó rí i tí nǹkan kan fò lójú Àǹtí, ó sì gbé e sínú fáìlì.

Bàbá Adéyẹmí wá dá ọ̀rọ̀ ọmọ sílẹ̀. Ó bi Oríọlá, tó bí ọmọ, ní ohun tó ní í sọ.

"A ó rí i, Bàbá."

Bàbá wò ó bí ẹni wo òjò tí kò rọ̀. Àǹtí lu agogo, pálọ̀ dákẹ́, ó dìde. Ó ní òun kò fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kọjá ti ọbẹ̀. Kí wọ́n bi ìyàwó yìí léèrè orúkọ ẹni tó ń pè ní ìdájí. Kí wọ́n bi í ní ohun tí òun ṣe fún un tó fi fẹ́ rán òun lọ bá Màmá. Bó bá ní irọ́ ni, kí wọ́n bi ọmọ tó bí.

Gbogbo orí yí sí Títílọpẹ́. Adépéjú rí ọwọ́ ọmọ rẹ̀ méjèèjì tó ń gòkè lọ sí etí. Ó yé e kedere pé bí òun bá sẹ́, òun fi ọmọ òun ṣe òpùrọ́ nìyẹn. Bí òun bá gbà, òun fi ara òun ṣe àjẹ́. Ó mí sínú. Ó mí síta. Ó kúnlẹ̀ síwájú Bàbá.

"Òótọ́ ni, Bàbá. Mo ń pè é."

Èémí gbogbo ilé dúró.

"Kí lo ń pè?" ni Bàbá béèrè.

"Ọlábísí."

Ìyàwó kan, lórí ìkúnlẹ̀, nínú ilé ọkọ rẹ̀, lójú ẹbí. Obìnrin kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọdún mẹ́rìnlá ni Adépéjú ti gbé orúkọ náà, kó sì má parọ́, kò dùn lẹ́nu bó ṣe ń dùn lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ó tó.

"Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pè é," ó ń bá a lọ, ohùn rẹ̀ kò sì gòkè, "ó ṣe mí bíi kí n wá ìkòkò mìíràn dà nù. Bí mo bá ti gbọ́ orúkọ yẹn nínú orí mi, mo ti ń pariwo mọ́ ọmọ mi nìyẹn. Mo wá ń pè é láràárọ̀ títí n óò fi lè gbọ́ ọ kí n má pariwo. Àdúrà mi kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ bi ọmọ náà, Bàbá. Ìgbà wo ni mo pariwo mọ́ ọn kẹ́yìn?"

Kì í ṣe gbogbo òótọ́ nìyẹn. Èyí tó kù, ọ̀rọ̀ àárín òun àti Nọ́ọ̀sì ni.

Títílọpẹ́ ti gbé ọwọ́ kan sórí ikùn. Ó rò ó.

"Ọjọ́ tí mo ju fóònù Dádì sínú omi," ó ní. "Ó ti pẹ́. Mọ́mì kì í..."

Àǹtí lu agogo. Ọmọ náà kò dúró. Kò tíì kọ́ pé agogo máa ń parí ọ̀rọ̀.

"Mọ́mì kì í pariwo mọ́. Wọ́n á mí, lẹ́yìn náà wọ́n á ní kí n wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀."

Àǹtí tún un lù. Ẹnì kan fa ẹ̀rín sí imú. Ìgbà náà ni gbogbo ìdájí tí obìnrin náà kò sùn dé sí i lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó já sí èdè Oǹdó pọ́ńbélé, ó bú Adépéjú, ó bú Ọ̀wọ̀, ó bú Oríọlá tó lọ fẹ́ ibẹ̀, ó bú àwọn àbúrò tó ń fi imú rẹ́rìn-ín, ó sì ju agogo náà. Ìyàwó ló jù ú sí. Ó fò kọjá lórí rẹ̀, ó lọ bá àwòrán Màmá. Gíláàsì fọ́ yángá, ó sì rọ̀ sílẹ̀ bí òjò.

Ohun kan ṣoṣo ni gbogbo ẹbí ń wò. Títílọpẹ́ ti sá sẹ́yìn àga, ó fún ojú pọ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di etí.

Bàbá Adéyẹmí yí sí Àǹtí.

"Ọlábísí," ó ní, "ta ni wọ́n ní ó ń da nǹkan nù nílé yìí?"

Àǹtí jókòó. Bàbá ní ọmọ kò lọ ibì kankan, ilé-ìwé pọ̀ l'Àkúrẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì tán.

Ẹni tó bá ní ẹ̀san Adépéjú parí síbẹ̀ kò mọ ọmọ Ọ̀wọ̀. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni rán an. Ó lọ mú ìgbálẹ̀, ó gbá gíláàsì náà díẹ̀díẹ̀, lábẹ́ ẹsẹ̀ Àǹtí pàápàá, "Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀." Ó nu àwòrán Màmá, ó gbé e kọ́ padà. Ó he agogo, ó fi etí ìró rẹ̀ nu, ó gbé e sórí tábìlì jẹ́jẹ́ níwájú ẹni tó ni ín. Nígbà tí wọ́n gbé ìkòkò ọbẹ̀ wọlé, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tí yóò bù ú, Bàbá Adéyẹmí na ṣíbí sí i. Ó kúnlẹ̀ gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó bù fún gbogbo wọn, kò da ẹ̀kán kan sílẹ̀. Abọ́ Àǹtí ló kọ́kọ́ gbé, ẹran tó tóbi jù nínú ìkòkò ló sì wà nínú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o," ó ní, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. "Ẹ mí sínú díẹ̀, kí ẹ tó jẹun. Nọ́ọ̀sì kan wà tí mo lè fún yín ní nọ́ńbà rẹ̀."

Àǹtí gba abọ́. Kí ni ì bá ṣe? Gbogbo ẹbí ń wò ó.

Ó dùn, kò ṣeé fẹnu sọ. Títí wọ́n fi padà kọjá Òwènà, tí Títílọpẹ́ sì sùn lọ lẹ́yìn ọkọ̀, tó la ẹnu sílẹ̀, Adépéjú ń tún un rò, láti orí ìgbálẹ̀ dé orí ẹran.

Ní aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ kejì, ó jókòó sórí ẹní láti gbádùn ìṣẹ́gun rẹ̀. Ó di ojú. Ó mí sínú: Ọlá. Ó mí síta: bísí. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ó tún un ṣe. Orúkọ obìnrin àgbà kan ni, tó ń gbé l'Oǹdó, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga. Kò ta, kò dùn, kò gbóná. Ó wá fáìlì náà nínú ọkàn, ó bá a níbẹ̀, ó ṣí i, inú rẹ̀ gbófo. Ìgbà náà ló rántí ohun tí Hameedat sọ, inú sì bí i gidigidi. Wọ́n ti wò ó sàn láìgba àṣẹ.

Ó jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí akọ̀wé tí iṣẹ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò sì rí ibi dúró sí. Láti inú yàrá, ó gbọ́ ọkọ rẹ̀ tó yí ara padà, tó sì tún ń hanrun lọ, ìhanrun ẹni tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ mọ́. Wọ́n fẹ́ gba ọmọ rẹ̀ lọ. Wọ́n bi í níwájú Bàbá. A ó rí i.

Ọdún mẹ́wàá, láti ìgbà tó ti bí ọmọ, Dádì Títí ló ń pè é. Adépéjú tún ìjókòó rẹ̀ ṣe, ó na ẹ̀yìn rẹ̀ ṣánṣán, ó sì pa ojú dé.

Ó mí sínú: Orí.

Ó mí síta: ọlá.

Ara rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tutù.